Irọ́ Olórí, Irọ́ Òbí

Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2022, Ọ̀gbẹ́ni Boris Johnson kéde pé òun yóò fi ipò olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Kọnsáfétífù sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí àwọn ọmọ yín bá béèrè ohun tó fà á, ẹ má ṣe di gbogbo rẹ̀ ru àríyá ìgbà Kòrónà. Ó ti san owó ìtanràn lórí ìyẹn ní oṣù Kẹrin, kò sì kúrò. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní kò mọ ẹ̀sùn kan pàtó nípa ẹni tí ó yàn sípò, tí ó sì wá hàn pé wọ́n ti fi tó o létí ní ọdún 2019, ni àwọn mínísítà rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ilé tiwa náà kò mọ́. Ní oṣù Keje ọdún 1999, Alhaji Salisu Buhari, Abẹnugan Ilé Aṣojú-ṣòfin Nàìjíríà, fi ipò sílẹ̀ nítorí irọ́ tí ó pa nípa ọjọ́ orí rẹ̀ àti ìwé-ẹ̀rí Yunifásítì Toronto. Ìjọba dárí jì í ní ọdún 2000.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: òbí tí ó yí ọjọ́ orí padà sínú ìwé ìrìnnà lójú ọmọ rẹ̀, ẹnu wo ni yóò fi bú olóṣèlú? Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.