Ẹ̀kọ́ inú fóònù: ọmọ ta ni ó kù sí ìta?

Láti ìgbà tí ilé-ìwé ti wọlé ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń bi wá ní ìbéèrè kan náà: kí ni a ti ń pe ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ń fi sínú fóònù yìí? Olùkọ́ gba nọ́ńbà òbí kọ̀ọ̀kan, ó kó gbogbo wọn sínú ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó ṣú, iṣẹ́ àṣetiléwá ti ń wọlé. Ìyá kan ní ṣé fóònù òun ti di pátákó ìkọ̀wé ni. Bàbá kan sì wà tí inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, ó ní láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, òun kì í lé ọmọ òun sídìí ìwé mọ́. Àwọn méjèèjì ni a gbọ́, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni ó sì ní ìdí.

A kò sí lára àwọn tí ń pariwo pé gbogbo ohun tí ó bá ti inú fóònù jáde, ìbàjẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sí lára àwọn tí ó rò pé bí WhatsApp, Facebook àti YouTube bá ti wọ ilé-ìwé, ọmọ yóò ṣàdédé mọ̀wé. Irinṣẹ́ ni wọ́n. Ọkọ́ tí a fi ń roko náà ni a fi ń ṣá ara ẹni lẹ́sẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí á jùmọ̀ yẹ̀ wò ni èyí: iṣẹ́ wo ni àwọn nǹkan wọ̀nyí lè ṣe fún ẹ̀kọ́ ọmọ tí ẹfun ìkọ̀wé àti pátákó kò lè ṣe? Ta ni ó sì ń san owó rẹ̀?

Àwa tí a kàwé ní èdè Faransé kò ní ṣàì gbọ́ orúkọ Célestin Freinet rí. Olùkọ́ àwọn ọmọ kékeré ni, ní abúlé Bar-sur-Loup, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ó jà nínú ogun àgbáyé kìíní, ìbọn bà á ní ẹ̀dọ̀fóró ní 1917, tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè dúró sọ̀rọ̀ pẹ́ níwájú kíláàsì mọ́. Ní 1924 ó ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan, ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn to lẹ́tà, kí wọ́n tẹ ohun tí àwọn fúnra wọn kọ. Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé wọn ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Trégunc, ní etí òkun, ní ìpẹ̀kun kejì ilẹ̀ Faransé. Ọmọ orí òkè ń ròyìn òkè, ọmọ etí òkun ń ròyìn òkun, ìwé ń lọ, ìwé ń bọ̀. Freinet rí i pé ọmọ tí ó mọ̀ pé ẹlòmíràn ni yóò ka ìwé òun kì í kọ ìkọkúkọ. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tí ó tọ́, ó ń bèèrè bí a ti ń kọ ọ́, nítorí pé ojú yóò tì í bí ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kò bá lóye. Bí ó bá jẹ́ olùkọ́ nìkan ni yóò kà á, kí ó sáà kún ojú-ewé ni.

Lójú tiwa, ibí yìí gan-an ni WhatsApp ti wúlò jù ní ilé-ìwé. Lẹ́tà Freinet ni, tí kò gba sítáǹbù, tí kì í pẹ́ lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí á mú un wálé. Ní Kétu, ẹnubodè àtijọ́ tí à ń pè ní Akaba Idena ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Àwọn ọmọ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí wọ́n ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lásán kọjá. Mélòó nínú wọn ni ó lè sọ bí ogun Dàhòmì ti fọ́ ìlú náà ní 1886, tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lẹ́rú lọ? Kí olùkọ́ CM2 kan ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ojú-ewé kan, kí òun ya àwòrán ẹnubodè náà, kí ó sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ láti orí fóònù tirẹ̀ sí olùkọ́ kan ní Atakpamé, ní Tógò, níbi tí àwọn ará wa Ifẹ̀ wà. Àwọn ọmọ ibẹ̀ yóò kà á, wọn yóò sì béèrè: ta ni ó kọ́ ọ? Kí ni wọ́n fi mọ ọ́n? Ta ni ń ṣọ́ ọ lóru? Ìbéèrè wọ̀nyẹn ni yóò tún lé ọmọ Kétu padà sọ́dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀. Nígbà tí ó bá kan ọmọ Atakpamé, kí òun náà fi ohùn sọ bí wọ́n ti ń kí ara wọn ní òwúrọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Àwọn ti Kétu, ti Ṣábẹ, ti Àjàṣẹ́ yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ọ̀rọ̀ náà mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìwé kan tí ó ń ti ìlú òyìnbó wá tí yóò kọ́ ọmọ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ sì ṣàkíyèsí ohun kan: fóònù méjì péré ni gbogbo iṣẹ́ yìí gbà, ti olùkọ́ méjèèjì. Kò sí ọmọ kan tí ó nílò tirẹ̀, kò sì sí ìyá kan tí ó ra mẹ́gà.

Àpẹẹrẹ mìíràn wà ní Ghana, kò jìnnà sí wa. Ní ìlú Sekyedumase, olùkọ́ kan wà tí ń jẹ́ Richard Appiah Akoto. Ẹ̀kọ́ nípa kọ̀ǹpútà wà lára ìdánwò ìjáde tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní láti ṣe, ṣùgbọ́n ilé-ìwé náà kò ní kọ̀ǹpútà kankan. Ó mú ẹfun aláwọ̀ oríṣiríṣi, ó ya ojú Microsoft Word sára pátákó dúdú, àti àwọn àmì kéékèèké orí rẹ̀, ó sì ń fi kọ́ wọn. Ní oṣù kejì ọdún 2018, ó fi àwòrán rẹ̀ sórí Facebook. Àwòrán náà rìn káàkiri ayé. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta, Microsoft ti pè é lọ sí ìpàdé àwọn olùkọ́ ní Singapore, kọ̀ǹpútà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilé-ìwé rẹ̀ láti ọwọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́. Àwọn ènìyàn a máa sọ ìtàn yìí bí ẹni pé Facebook ni ó kọ́ àwọn ọmọ náà. Rárá o. Pátákó ni a fi kọ́ wọn. Facebook ni ó jẹ́ kí àwọn tí ó ní lọ́wọ́ rí àwọn tí kò ní. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sí ẹgbẹ́ WhatsApp tí ẹ ń ráhùn lé lórí. Ọ̀pọ̀ irú wọn ni a dá sílẹ̀ nígbà àrùn kòrónà ní 2020, nígbà tí a ti ilé-ìwé pa. UNESCO ṣírò rẹ̀ pé ó ju bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó sílé káàkiri ayé nígbà náà, olùkọ́ tí kò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ ní láti wá nǹkan ṣe. A yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n ní òpin ọdún kan náà, UNICEF àti ITU gbé ìṣirò jáde nípa àwọn ọmọ ọdún 3 sí 17: ní ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà, nínú ọmọ 100, ọmọ 95 ni kò ní íntánẹ́ẹ̀tì nílé. Fóònù ti pọ̀ sí i láti ìgbà náà, lóòótọ́. Síbẹ̀, ilé tí ó ní fóònù kan kì í ṣe ilé tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní fóònù.

Ẹ wo bí ó ti máa ń rí. Fóònù kan ṣoṣo tí ó ń gbé WhatsApp nínú ilé, ti ìyá ni, ó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà láti àárọ̀, nítorí òun ni ó fi ń bá àwọn tí ń kó àgbàdo wá fún un sọ̀rọ̀. Agogo méje alẹ́ ti kọjá kí ó tó wọlé. Iná inú fóònù ti tán. Nígbà tí wọ́n bá rí ibi kì í bọ iná, tí ó sì jí, àwọn òbí yòókù ti fi ìkíni, ìkéde òkú àti fídíò ẹlẹ́rìn-ín kún inú ẹgbẹ́ náà, wọn á máa wá iṣẹ́ ìṣirò láàrin wọn bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Àwòrán kò tíì ṣí tán tí mẹ́gà fi tán. Ọmọ mẹ́ta sì ni ó wà nínú ilé náà: kíláàsì mẹ́ta, ẹgbẹ́ mẹ́ta. Ní òwúrọ̀, olùkọ́ béèrè pé ta ni kò ṣe iṣẹ́. Ọmọ náà dìde dúró. Òdo. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ń wò ó. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ owó yìí kì í ṣe kékeré. Ẹ ó rántí pé ní 2018, ìjọba Benin gbé owó orí lé Facebook, WhatsApp àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn: fáráǹkì 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan. Èyí já sí pé mẹ́gà 100 yóò gba fáráǹkì 500 fún owó orí nìkan. Ariwo ta, àwọn ọ̀dọ́ kò gbà, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Owó orí lọ, ṣùgbọ́n mẹ́gà kò di ọ̀fẹ́. Ìwé kíkà tí a rà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, a ti rà á tán. Ẹ̀kọ́ inú fóònù, ojoojúmọ́ ni à ń rà á. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá ní ohun kan láti tún ṣàlàyé, kí ó fi ohùn sọ ọ́: ohùn ìṣẹ́jú kan kì í tó mẹ́gà kan, fídíò ìṣẹ́jú kan a máa jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kí ẹ̀yin náà sì ní kí ọmọ yín tí ó ti dàgbà bá yín tún WhatsApp ṣe, kí àwòrán àti fídíò má ṣe máa wọlé fúnra wọn títí ẹ ó fi tẹ̀ wọ́n.

Ìdí nìyí tí àwa fi gbà pé ìlà kan wà tí kò yẹ kí ilé-ìwé kankan kọjá: iṣẹ́ tí olùkọ́ yóò fi wọn ọmọ kò gbọdọ̀ wà nínú fóònù nìkan. Kí ó kọ ọ́ sára pátákó kí aago tó lù, kí àwọn ọmọ dà á kọ. Lẹ́yìn náà, kí ó fi sínú ẹgbẹ́ fún ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Àwọn olùkọ́ kan yóò ní iṣẹ́ méjì nìyẹn. Iṣẹ́ méjì ni lóòótọ́, ó sì lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni kò jẹ́ kí ọmọ aláìní gba òdo nítorí àìní òbí rẹ̀.

Nǹkan mìíràn ń bí wa nínú. A ti gbọ́ nípa ibi tí wọ́n ti kó èsì ìdánwò gbogbo kíláàsì sínú ẹgbẹ́, orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan àti iye tí ó gbà, láti orí ẹni kìíní dé ẹni ìkẹyìn. Ní àtijọ́, olùkọ́ a máa fi èsì lé òbí lọ́wọ́. Nísinsìnyí aládùúgbò ti mọ̀ kí bàbá ọmọ tó mọ̀, ẹnikẹ́ni sì lè fi ránṣẹ́ síbi tí ó bá fẹ́. Bákan náà ni àwòrán àwọn ọmọ. Òfin wà nípa rẹ̀: òfin nọ́ńbà 2017-20 tí ọdún 2018, èyí tí à ń pè ní Code du numérique, dáàbò bo ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ti ẹni, àjọ tí ń jẹ́ APDP sì wà ní Benin fún un. Òbí lè sọ pé òun kò fẹ́ kí àwòrán ọmọ òun jáde, kò sì ní láti tọrọ àforíjì fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì gbàgbé pé WhatsApp àti Facebook fúnra wọn kò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Ọmọ CM2, lórí fóònù òbí ni ó yẹ kí ó ti rí iṣẹ́ rẹ̀, lójú òbí.

Ní ti fóònù nínú kíláàsì nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ, a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ìwé tí UNESCO gbé jáde ní 2023 sọ pé bí nǹkan bá ti fa ọkàn ọmọ kúrò nínú ẹ̀kọ́, ó lè gbà á tó 20 ìṣẹ́jú kí ọkàn rẹ̀ tó padà. Ilẹ̀ Faransé ti fi òfin lé fóònù ọmọ kúrò ní ilé-ìwé kékeré àti ní collège láti oṣù kẹjọ ọdún 2018. Kí ti olùkọ́ wà lórí tábìlì rẹ̀; ti ọmọ, kí ó wà nílé.

Bí ìpàdé àwọn òbí bá dé, ẹ má ṣe jókòó kí ẹ máa kùn láàrin ara yín. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé: ṣé gbogbo iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ sára pátákó? Agogo mélòó ni ẹgbẹ́ ń dákẹ́ ní alẹ́? Ṣé a lè tì í kí ó jẹ́ pé olùkọ́ nìkan ni yóò máa kọ̀wé síbẹ̀? Ó ṣeé ṣe, olùkọ́ tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lè ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ dán ìwé ọmọ-sí-ọmọ wò, yálà ẹ wà ní Pọ́bẹ̀ ni o, ní Ṣábẹ ni o, ní Atakpamé ni o, ẹ kọ orúkọ kíláàsì yín àti iye àwọn ọmọ sínú ìwé pélébé kan, kí ẹ fi lé kátíkísì ìjọ yín lọ́wọ́ kí oṣù yìí tó parí. Àwa yóò wá kíláàsì kejì fún yín.