Ọwọ́ Tó Tó Pẹpẹ, Ọwọ́ Tó Wọ Akèrègbè

Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kí ọmọ wọlé fásitì. Wọ́n ti di gàrí, mílò àti súgà sínú àpò. Bọ́kẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì àti stóòfù ti wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ìgbà náà ni ọmọkùnrin yóò gbé PlayStation rẹ̀ jáde láti yàrá, tí yóò ti fi táwẹ́ẹ̀lì wé páàdì méjèèjì. Bàbá yóò ní, “Níbo lò ń gbé ìyẹn lọ?” Ọmọ yóò ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá kàwé tán ni mo fẹ́ máa fi najú.” Kí wọ́n tó sùn, ìyá ti dá sí i, wọ́n ti ka owó ilé-ìwé lé ọmọ lórí, wọ́n ti rántí ọmọ ẹ̀gbọ́n tó lo ọdún mẹ́fà nídìí kọ́ọ̀sì ọdún mẹ́rin, ọmọ sì ti wọ yàrá lọ pẹ̀lú ìbínú pé àwọn òbí òun kò fọkàn tán òun.

Aáwọ̀ yìí kò mọ ààlà. Àwọn Yorùbá tó ń gbé Houston, Maryland tàbí London ń jà á nídìí búùtù mọ́tò, bí àwọn ti Ìbàdàn ṣe ń jà á nídìí àpò gàrí. Ti Amẹ́ríkà tiẹ̀ tún le sí i. Òfin kan wà níbẹ̀ láti 1974, FERPA lorúkọ rẹ̀, tó ń gbé àṣẹ lórí àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ kúrò lọ́wọ́ òbí sọ́wọ́ ọmọ gbàrà tí ọmọ bá ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Bàbá lè máa sanwó kí ó má sì mọ èsì ìdánwò. Mo gbà pé ìdí nìyí tí àwọn òbí fi ń di àpótí géèmù mú gírígírí lálẹ́ ọjọ́ náà: òun ni ohun ìkẹyìn tí ojú wọn ṣì tó kí ọmọ tó kúrò lábẹ́ òrùlé wọn.

Àwọn àgbà ní, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. A ti pa òwe yìí nípàdé ẹbí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun tí a fi ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n ní sùúrù fún ara wọn. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òwe náà kò pe ọmọdé ní aláìgbọràn, kò sì pe àgbà ní òṣónú. Ìwọ̀n ọwọ́ ló ń sọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tíì gùn tó; ọwọ́ àgbà ti tóbi kọjá ọrùn akèrègbè, bó ti wù kí ó gbọ́n tó. Kò sí èébú nínú méjèèjì. Ohun tó wà lórí pẹpẹ yóò wà níbẹ̀ bí àgbà kò bá gbé e sílẹ̀, ohun tó wà nínú akèrègbè kò sì ní jáde bí ọmọdé kò bá kó o jáde. Nínú ọ̀rọ̀ géèmù yìí, tọmọ tòbí ló ní ohun tí wọn kò tíì mú jáde fún ara wọn. Wọ́n kàn ń fa àpótí mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú akèrègbè. Òbí tó ní “géèmù” rò pé nǹkan kan ṣoṣo ni. Ọmọ mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Géèmù bọ́ọ̀lù tí gbogbo wa mọ̀ sí FIFA, tí wọ́n ti ń pè ní EA Sports FC láti 2023, kì í sábà ju bí ìṣẹ́jú 20 lọ ní ìdíje kan: fèrè á dún, ẹni tó fìdí rẹmi á gbé páàdì fún ẹlòmíràn. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbá a, pẹ̀lú àwọn èèyàn tó wà nílùú mìíràn. Fortnite, tó jáde ní 2017, wà lára wọn. Ìjà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní òpin, ṣùgbọ́n géèmù fúnra rẹ̀ kò ní. Bí sáà kan bá parí, òmíràn á gbérí, ẹ̀bùn tuntun á sì wà tí ẹni tí kò bá wọlé lásìkò yóò pàdánù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ń bí ìyá nínú jù ti wá: “Mọ́mì, kò ṣeé pọ́ọ̀sì.” Ìyá rò pé ìyájú ni. Òótọ́ pọ́ńbélé sì ni. Ọmọ tó bá mọ ìyàtọ̀ láàrin géèmù tó ń parí àti èyí tí kì í parí ní ìmọ̀ tí ó yẹ kí ìyá rẹ̀ ti gbọ́ tipẹ́.

Ó tún mọ ohun mìíràn. Jámbáìtì tó dé họ́stẹ́ẹ̀lì láìmọ ẹnikẹ́ni lè fi páàdì méjì kó ọ̀rẹ́ mẹ́rin jọ kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí. Ìdánìkanwà ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nílùú àjèjì kì í ṣe ohun kékeré, ó sì dùn mí pé àwọn òbí kì í kà á sí nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò ohun tí géèmù ń jẹ. Ó sì mọ̀ pé bí bàbá bá tilẹ̀ gba PlayStation, géèmù ṣì ń bẹ. Ṣọ́ọ̀bù géèmù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa, níbi tí wọ́n ti ń san owó lórí ìdíje kọ̀ọ̀kan. Fóònù sì wà nínú àpò. Ohun tó wà nínú fóònù yẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju àpótí géèmù lọ: tẹ́tẹ́ orí bọ́ọ̀lù, tí kò ní ariwo, tí kò nílò tẹlifíṣọ̀n, tí owó oúnjẹ oṣù kan lè bá lọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan. Bàbá tó já PlayStation gbà, tó wá fi fóònù olówó ńlá fún ọmọ láì bi í léèrè ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́, ẹnu ọ̀nà kan ló tì, èyí tó gbòòrò jù wà ní ṣíṣí sílẹ̀.

Kí wá ni ó wà lórí pẹpẹ?

Àwọn baba wa kì í ṣe àjèjì sí eré. Ọpọ́n ayò ní ihò 12 àti ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì ti di ọ̀ta kò ní fẹ́ dìde lọ́sàn-án kan. Ṣùgbọ́n ìta gbangba ni wọ́n ti ń ta á, lábẹ́ igi tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níṣojú ẹni tó ń bọ̀ lóko àti ẹni tó ń lọ sọ́jà. Bí ọkùnrin bá jókòó tì í láti àárọ̀ tí ọkà rẹ̀ wà lóko láìro, gbogbo àdúgbò ló rí i, ìyàwó rẹ̀ rí i, àwọn ọ̀rẹ́ tó ń wòran náà yóò sì sọ fún un pé ó tó. Ojú ìlú ni ó ń dá ayò dúró. Yàrá họ́stẹ́ẹ̀lì kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn á wà ní títì, gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ á jẹ́ ẹgbẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò ní ó tó. Ohun tí àgbà mọ̀ nìyí, tí kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́: pé agbára àtidìde nídìí eré kì í ti inú ènìyàn nìkan wá. Dípò kó sọ bẹ́ẹ̀, ó ń pariwo pé géèmù ń sọ ọmọ di wèrè.

Ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́, nítorí pé orí àríyànjiyàn yìí gan-an ló balẹ̀ sí. Àwọn onímọ̀ méjì, Ralph àti Todd Stinebrickner, ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2008. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Berea ní ìpínlẹ̀ Kentucky ni wọ́n ti ṣe é, ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba àwọn ọmọ tálákà láìgba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn. Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tí kò bá sọ ẹni tó fẹ́ bá gbé, ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò yan ẹnìkejì yàrá fún un bí ìgbà tí a ṣẹ́ kèké. Wọ́n wá wo àwọn tí ẹnìkejì wọn gbé géèmù wá sí yàrá. Àkókò tí àwọn wọ̀nyí fi ń kàwé lójúmọ́ fi bí ìṣẹ́jú 40 kéré sí ti àwọn tí ẹnìkejì wọn kò gbé géèmù wá. Máàkì wọn náà sì wálẹ̀ ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdámẹ́rin póìǹtì kan lórí òṣùwọ̀n 4.

Ìṣẹ́jú 40 lójúmọ́ kò jọ nǹkan kan létí. Ẹ ṣírò rẹ̀: ní ọ̀sẹ̀ 15 ó ti di wákàtí 70. Ẹni tó bá mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ fásitì wa tó ń lo òṣùwọ̀n 5, orí 3.50 ni tú-wán ti ń bẹ̀rẹ̀, kò ní fojú kékeré wo ìdámẹ́rin póìǹtì.

Ṣùgbọ́n ohun tó gún mi lọ́kàn nínú ìwádìí náà ni pé kì í ṣe àpótí tí akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra rẹ̀ gbé wá ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ti ẹnìkejì ni. Láti alẹ́ tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nílé, ọmọ ara rẹ̀ ni bàbá ń sọ, ọmọ náà sì ń sọ ti ara rẹ̀: “Mo mọ ara mi, Dádì, mo lè ṣàkóso ara mi.” Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà tí kò sí nínú pálọ̀ yẹn, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì rí rí, tí ìyá tirẹ̀ náà ń di gàrí sínú àpò lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Òun ni yóò sùn sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Nílẹ̀ wa kì í tiẹ̀ ṣe ẹnìkan péré. Mẹ́rin, mẹ́fà, àti àwọn tó tún wá sùn sí wọn lọ́dọ̀, ló ń pín yàrá kan. Bí NẸ́PÀ bá mú iná dé ní aago mẹ́wàá alẹ́, ẹnìkan fẹ́ lọ aṣọ, ẹnìkan fẹ́ ṣájì fóònù, ẹnìkan ní tẹ́ẹ̀sì lọ́la, ariwo “góòlù” á sì gba gbogbo yàrá kan. Ẹni tó ní géèmù lè kàwé rẹ̀ lọ́sàn-án kó sì yege. Ta ni yóò san káríóvà ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì òkè?

Ó yẹ kí n sọ nípa ọ̀rọ̀ àìsàn, nítorí ó ń wọ inú àríyànjiyàn yìí lọ́nà tí kò tọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti fi àṣejù nídìí géèmù sínú ìwé àìsàn wọn, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022. Ẹni tí wọ́n ń sọ ni ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́, tó gbé géèmù borí gbogbo nǹkan mìíràn, tó sì ń bá a lọ bí ìgbésí ayé rẹ̀ tilẹ̀ ń bàjẹ́, tí èyí sì sábà ti ń ṣẹlẹ̀ fún bí ọdún kan. Nítorí náà, ẹ̀rù òbí kì í ṣe asán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n fún wákàtí kan ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ kì í ṣe aláìsàn, kò sì yẹ ká gbé e lọ sórí òkè àdúrà.

Àwọn ọmọ náà ní èsì tí wọ́n máa ń fọ̀: pé géèmù ti di iṣẹ́. Wọn kò purọ́. Ní 2014, Robert Morris University ní Chicago bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó mọ géèmù League of Legends gbá ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, bí wọ́n ṣe ń fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é: kóòṣì wà, gbọ̀ngán ìdánrawò wà, àkókò wà. Àgbà ló ń sọ fún wọn pé ó tó.

Ohun tí èmi rò nìyí, mo sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́ sí ọmọ ju sí òbí lọ. Ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́, kí àpótí náà dúró sílé. Kì í ṣe ìyà. Ọmọ kò tíì mọ bí iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣe wúwo tó, kò sì tíì mọ ẹni tí wọ́n jọ máa gbé. Ṣùgbọ́n bàbá tó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ti ọmọ nídìí géèmù náà, kí ó di páàdì mú, kí wọ́n lù ú ní góòlù mẹ́jọ, kí ó béèrè èyí tó ń parí àti èyí tí kì í parí. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ fi òótọ́ hàn. PS5 ń ṣàkọsílẹ̀ iye wákàtí tí èèyàn lò nídìí géèmù kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n jọ ṣí i, kí wọ́n jọ kà á, kí bàbá má sì fi ohun tó bá rí níbẹ̀ bú u. Ọmọ tí wọ́n bá bú nítorí òótọ́ kò ní ṣí ojú-ewé yẹn fún ẹnikẹ́ni mọ́. Òbí náà ní òótọ́ tirẹ̀ láti jẹ́wọ́. Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá ọdún 2022, ọ̀pọ̀ òbí ló dunnú pé géèmù ń dá ọmọkùnrin wọn dúró sílé. Ọmọ kò gbàgbé ìyẹn, ó sì yẹ kí òbí náà rántí rẹ̀ kó tó máa pè é ní iṣẹ́ Èṣù.

Bí èsì sẹ̀mẹ́sítà bá jáde, tí ó sì tó ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, ọ̀rọ̀ kúrò lọ́wọ́ bàbá. Kí ọmọ bi àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá léèrè, lójúkojú, kó tó gbé ohunkóhun wá. Wọ́n lè ní kó máa bọ̀, kó kàn jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ nìkan. Ẹnìkan sì lè ní rárá, pé yàrá lòun ti ń kàwé òru, pé owó tí àwọn òbí òun yá ló gbé òun wá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ilé ni kí ẹ̀rọ náà wà. Kí bàbá má fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun kúkú ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Kí ó bá ọmọ rẹ̀ wá ojúlùmọ̀ kan tó ń gbé nílùú náà, tó ní tẹlifíṣọ̀n, tí kò ní kọ̀ kí wọ́n máa wá gbá a ní pálọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé.