Kí A Tó Sanwó Àfikún Gáráńtì Máṣíìnì

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ọ̀gá ilé iṣẹ́ kankan. Ọ̀rọ̀ máṣíìnì ni, èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní ọ̀kadà, àti ọ̀rọ̀ ìwé kan tí àwọn tí ń tà á ń gbé lé wa lọ́wọ́ pé kí a fi owó lé owó kí gáráńtì rẹ̀ lè gùn sí i.

Ó ju ẹnì kan lọ nínú yín tí ó ti mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá mi ní ìsinmi ọ̀sán pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá wa kà á, ṣé kí á san án?" Mo kà wọ́n. Mo tún kà wọ́n nílé lálẹ́. Àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tí mo ní láti kà lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó yé mi, lẹ́tà wọn kò sì tóbi ju ẹyin èèrà lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi gbé ọ̀rọ̀ náà sí ojú ewé yìí, dípò kí n máa dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn lábẹ́ igi.

Ẹni tí ó bá ń gbé Ọ̀fàdà mọ ohun tí máṣíìnì jẹ́ fún wa. Láti àwọn abúlé tí ó yí wa ká títí dé Mọ́wé ní etí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, máṣíìnì ni ẹsẹ̀ wa. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ òru kò lè dúró de ọkọ̀ akérò. Ìrẹsì tí a fi orúkọ ìlú wa pè káàkiri, orí máṣíìnì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gbà jáde láti oko. Àwọn mìíràn nínú wa sì ń fi í gbé èrò lẹ́yìn iṣẹ́ kí owó oṣù lè tó ilé dé. Bí máṣíìnì bá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ ilé náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ rántí pé nígbà tí àjẹsílẹ̀ owó Udoji jáde ní ọdún 1975, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó fi í gun máṣíìnì fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní ọdún 1979 ni Honda dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe máṣíìnì níbẹ̀ ní 1981. Lónìí, Boxer ti Bajaj àti TVS, tí àwọn méjèèjì ti ilẹ̀ India wá, ni ó kún ojú pópó. Iye owó rẹ̀ ni kò bá tàtijọ́ mu. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fi ọwọ́ sí ní July 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹni tí ń gbà á yóò rí ₦840,000 lọ́dún. Bí kò bá jẹ, tí kò mu, tí kò sanwó ilé, odindi ọdún kan kò tíì tó o ra Boxer tuntun, nítorí iye rẹ̀ ti kọjá mílíọ̀nù kan náírà. Ẹ ò rí i pé kò yà wá lẹ́nu pé àyà ń já òṣìṣẹ́ tí ó bá ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tí olùtajà sì wí fún un pé, "Fi díẹ̀ kún un, kí ọkàn rẹ balẹ̀." Ẹ̀rù yẹn gan-an ni wọ́n ń tà fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀. Gáráńtì méjì ni ó wà. Ọ̀kan máa ń bá máṣíìnì wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe é. Owó rẹ̀ ti wà nínú iye tí ẹ san, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún tà á fún yín. Èkejì ni àfikún, èyí tí ó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá tán. Ọjà lọ́tọ̀ ni èyí, bí àṣíborí ṣe jẹ́ ọjà lọ́tọ̀. Mo ti rí ìwé kan tí àfikún náà bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ra máṣíìnì, tí ó túmọ̀ sí pé fún gbogbo oṣù àkọ́kọ́, ẹni náà sanwó fún ohun tí ó ní tẹ́lẹ̀.

Òfin sì tún wà lẹ́yìn wa. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, sọ pé ọjà tí a bá tà fún ènìyàn gbọ́dọ̀ dára tó bí ó ti yẹ, kí ó sì lè ṣe iṣẹ́ tí a rà á fún. Ẹni tí ó ṣe é, ẹni tí ó kó o wọlé, alágbàtà àti ẹni tí ó tà á fún yín, gbogbo wọn ni òfin náà mú. Bí ọjà bá kùnà láàárín àkókò tí òfin là sílẹ̀, ẹ lè ní kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí wọ́n dá owó padà. Olùtajà kò ní láti kọ ọ́ sínú ìwé kankan kí ó tó jẹ́ ẹ̀tọ́ yín. Òfin yẹn kan náà ni ó ní kí wọ́n fún yín ní rìsíìtì. Nítorí náà ẹ gbà á, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí eku kò lè dé. Ẹni tí kò ní rìsíìtì, ẹjọ́ rẹ̀ ti dàbí ẹjọ́ ẹni tí ó sọ owó nù lójú ọjà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo ìṣirò tí ó ṣe pàtàkì jù. Púpọ̀ nínú ìwé gáráńtì ni ó máa ń ka oṣù, tí ó sì tún máa ń ka kìlómítà, èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé ni gáráńtì parí. Ká sọ pé wọ́n kọ oṣù 12 tàbí kìlómítà 12,000. Ẹni tí ń gbé èrò, tí ń rin kìlómítà 100 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ń rin 600 lọ́sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ 20, ó ti rin 12,000. Ọdún kan tí wọ́n kọ síwájú ìwé ti di oṣù márùn-ún ó dín díẹ̀. Bí ó bá tún ra àfikún ọdún kan àti 12,000 mìíràn, ọ̀sẹ̀ 20 mìíràn ni ó rà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kàn ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́, kìlómítà 20 ní àlọ àti àbọ̀, 120 ni ó ń rìn lọ́sẹ̀, 6,240 lọ́dún. Ọdún méjì rẹ̀ kò ju 12,480 lọ. Ìwé kan náà, owó kan náà, ṣùgbọ́n ọjà tí ẹni méjèèjì rà kì í ṣe ọ̀kan náà rárá.

Èyí kò sì tíì kan ọ̀rọ̀ pé àwọn ìwé kan kọ ọ́ gbangba pé máṣíìnì tí a bá fi gbé èrò fún owó kò sí nínú gáráńtì. Bí ẹ bá sọ fún olùtajà pé ọ̀kadà ni ẹ fẹ́ ṣe, tí ó rẹ́rìn-ín, tí ó ní kò sí wàhálà, ẹ ní kí ó kọ ẹ̀rín náà sínú ìwé. Ẹ tún wo ohun tí wọ́n kọ nípa ẹrù. Ẹni tí ó gbé èrò méjì àti àpò ìrẹsì kan jáde láti oko ní ìgbà òjò ti fún wọn ní àwáwí kí ó tó dé títì.

Kí ni wọ́n máa ń yọ sílẹ̀ jù? Táyà, bíréèkì, ṣéènì, pílọ́ọ̀gì, gílóòbù iná, àti púpọ̀ nínú ohun tí ó wà nínú kọ́lọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ìlò ni ó ń jẹ wọ́n, kì í ṣe àìdára. Mo gbà pé òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn gan-an ni ọ̀nà wa ń jẹ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì yín ohun tí ẹ ná sórí máṣíìnì ní ọdún tó kọjá, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá wo iye rẹ̀ tí ìwé náà yóò bá yín san. Àwọn mìíràn yóò rí i pé kò tó ìdá mẹ́wàá.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, awakọ̀ ni, ra máṣíìnì tuntun, ó sì sanwó ọdún kejì. Ní oṣù kẹrìnlá, gíà kọ̀, kò wọlé mọ́. Ó gbé e padà lọ bá wọn. Wọ́n béèrè ìwé sáfíìsì, ó mú un jáde. Òǹtẹ̀ mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí ó jẹ́ márùn-ún. Ọ̀kan tí kò sí yẹn, mẹkáníìkì àdúgbò ni ó bá a pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, nítorí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ náà, kò sì lè lọ sí ìlú. Ọ́ìlì kan náà ni o, inú agolo kan náà. Wọ́n ní gáráńtì ti kú. Èmi ni mo bá a lọ lẹ́ẹ̀kejì. A jókòó láti aago mẹ́sàn-án di aago méjì, wọ́n sì fi bisikíìtì àti omi tútù lé wa padà sílé. Alájẹṣẹ́kù ni ó yáwó láti fi tún gíà náà ṣe.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ti wà láti ọdún 1975 tí ó ní olùtajà kò gbọdọ̀ fi dandan mú oníbàárà láti lo páàtì tirẹ̀ nìkan kí gáráńtì tó dúró, àyàfi bí ó bá fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, ní ọdún 2022, àjọ ìjọba wọn mú Harley-Davidson, ilé iṣẹ́ máṣíìnì ńlá nì, pé ó kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, wọ́n sì ní kí ó yọ ọ́ kúrò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì àti irú wọn, òfin ọdún 2005 ní kí ṣọ́ọ̀bù kọ iye àfikún gáráńtì síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, kí iye náà má sì yí padà fún ọjọ́ 30, kí ẹni tí ń rà lè lọ yẹ ibòmíràn wò. Ọjọ́ 30 o! Níhìn-ín, wọ́n ń sọ fún wa pé bí a kò bá san án lónìí, ó ti bọ́.

Irọ́ ni. Ẹni tí ó bá ń lé yín láti fọwọ́ sí ìwé, ẹ dìde ní iwájú rẹ̀. Ẹ dé ọ̀dọ̀ olùtajà mẹ́ta ó kéré tán: ní Mọ́wé, ní Ṣágámù, ní Abẹ́òkúta. Ẹ béèrè iye máṣíìnì lọ́tọ̀, iye àfikún lọ́tọ̀. Ẹ béèrè ibi tí wọn yóò ti ṣe àtúnṣe, nítorí kí ni àǹfààní gáráńtì tí ẹ ó fi ọkọ̀ gbé máṣíìnì lọ sí Èkó kí ẹ tó jẹ ẹ́? Ẹ béèrè ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ìwé náà: ṣé ẹni tí ó ṣe máṣíìnì ni, tàbí ṣọ́ọ̀bù nìkan, tí ó lè kó kúrò lọ́dún tó ń bọ̀? Ẹ gbé ìwé náà lọ sílé kí ẹ tó sanwó. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹ gbé e lọ, ó mọ ohun tí ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń san díẹ̀díẹ̀, ẹ ṣọ́ra jù wá lọ. Òfin ìsandíẹ̀díẹ̀ ti ọdún 1965 ní kí ẹni tí ó ni ọjà sọ iye rẹ̀ ní owó ọwọ́ fún yín nínú ìwé kí ẹ tó wọ àdéhùn. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí i bí wọ́n bá ti rọra ki owó gáráńtì sínú owó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí èlé sì ń gorí rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe àfikún yìí ní ìnṣọ́ọ̀ránsì fún yín. Ìnṣọ́ọ̀ránsì tí òfin fi dandan mú ni ti ẹni tí ẹ bá kọlù, ₦3,000 ni wọ́n fi í sí fún máṣíìnì láti January 2023. Gáráńtì kò gba ipò rẹ̀. Kò sì ní dá máṣíìnì tí olè jí padà.

N kò ní purọ́ fún yín pé kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Mo mọ òṣìṣẹ́ kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú ní ọdún kejì, tí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ láìjanpata. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ nìkan ni ó ń gùn ún lọ, ó ń gbé nítòsí ibi àtúnṣe wọn, òǹtẹ̀ rẹ̀ sì pé pérépéré. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí iye rẹ̀ bá mọ níwọ̀n, kí ó rà á. Ní ti ẹ̀yin ọlọ́kadà, ohun tí mo rò ni pé kí ẹ fi owó yẹn sí alájẹṣẹ́kù. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ₦60,000 wá, ₦5,000 lóṣù ni fún ọdún kan. Bí máṣíìnì kò bá bàjẹ́, owó yín ṣì wà níbẹ̀. Bí táyà ni, yóò ra táyà. Kò sí ẹni tí yóò béèrè òǹtẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Àwọn aláṣẹ ẹ̀ka wa ti gbà pé kí a yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò lọ bá àwọn olùtajà sọ̀rọ̀ ní orúkọ gbogbo wa. Ẹni tí ó fẹ́ ra máṣíìnì kan kò lágbára lójú wọn, ṣùgbọ́n bí ogún ènìyàn bá fẹ́ rà papọ̀, a lè ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ọ̀kadà kúrò nínú ìwé, kí wọ́n sì gbà kí mẹkáníìkì wa níhìn-ín máa ṣe sáfíìsì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti rà kí ọdún yìí tó parí, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ní ìwé gáráńtì lọ́wọ́, bóyá ó jà fún yín tàbí kò jà, ẹ mú un wá sí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀, tòun ti rìsíìtì rẹ̀. A ó kà wọ́n jáde ní èdè wa, lẹ́tà kéékèèké náà pẹ̀lú.