Ẹsẹ̀ kan tó ṣàdédé wú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ o!

Awakọ̀ dánfó tó jí ní aago mẹ́rin ìdájí l'Ágége, tó wá ń bá sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ fà á títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí bí ọrùn rẹ̀ kò ṣe ní í le bíi pátákó. Télọ̀ tó tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ ń kọ́? Alábàárù tó ń ru àpò àlùbọ́sà ní Mile 12 ń kọ́? Bára bá ti ń ro wọ́n báyìí, ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì ló kù. Wọn a da oògùn sẹ́nu, wọn a fomi tì í, ó dọ̀la. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ oògùn ara ríro yẹn, téèyàn bá sọ ọ́ di oúnjẹ òòjọ́, ó lè dá egbò sínú ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Láyé ọjọ́un, òrí ni ìyá àgbà máa yọ́. Wọn a fi í wọ́ èjìká àti ẹ̀yìn ẹni tó toko dé, kò sì ní í pẹ́ tí onítọ̀hún á fi máa hanrun. Iṣẹ́ náà ni wọ́n sọ di masáàjì, tí wọ́n ń gba owó gọbọi lé lórí níbi táwọn olówó ń gbé l'Ékòó. Ó sì ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ọwọ́ tó ń tẹ iṣan tó ti le díẹ̀díẹ̀ máa ń jẹ́ kó dẹ̀, ara á fúyẹ́, ọkàn á balẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ju bẹ́ẹ̀ lọ o. Àwọn tó ń sọ pé àwọn ń fọwọ́ fa májèlé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, owó ni wọ́n ń wá. Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín nìyẹn.

Ohun tó tún bà á lórúkọ jẹ́ ni àwọn ṣọ́ọ̀bù kan tó kọ masáàjì síta, tó jẹ́ pé iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ń ṣe lẹ́yìn kọ́tìnì. Bí baálé ilé bá ní òun ń lọ gba masáàjì, ìyàwó á ti so gèlè mọ́dìí: "Dádì Ṣẹ́gun, ta ló fẹ́ bá yín wọ́ ẹ̀yìn ọ̀hún?" Bẹ́ẹ̀ àwọn tó kàwé rẹ̀, àwọn físíótẹ́rápíìsì, wà n'Ígbòbí, ọsibítù eegun tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1945. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, láti 1966 ni wọ́n ti ń kọ́ wọn.

Èyí tó ń pààyàn níbẹ̀ rèé. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí gbọọrọ, tàbí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, tàbí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó ń gbóná, tó ń dùn ún lẹ́yìn ojúgun, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sínú iṣan ibẹ̀. Ẹni tó bá gbé róbù sí i, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, lè já ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn, kó gba inú ara lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, kí aláìsàn sì dákẹ́ lójijì. Aládùúgbò á ní ayé ló ṣe é! Ọsibítù ni kí wọ́n gbé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́jọ́ náà gan-an. Eegun tó ṣẹ́, tàbí ẹ̀yìn dídùn tó mú kí ẹsẹ̀ kú tàbí kí ìtọ̀ máa dà fúnra rẹ̀, ìyẹn náà kì í ṣe ti òrí.