Ta ni ọba àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò wa? Mo ti tún àtẹ mi tò

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé fídíò kan síbí pé Anthony Joshua ni abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó ga jù nínú ìtàn Nàìjíríà. Láìkì rọ̀ bí òjò. Lónìí, mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

2/ Mo lọ ya fídíò ní Rowe Park, ní Yábàá. Bàbá àgbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wo àwọn ọmọ tó ń kan ẹ̀ṣẹ́. Mo fi fídíò mi hàn wọ́n. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti gbọ́ orúkọ Maiyegun rí?" Mo ní, "Rárá, sà. Ta nìyẹn?" Bàbá ò bínú o. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju èébú lọ.

3/ Mo délé, mo ra dátà, mo jókòó kàwé. Ìran kan péré ni mo mú: 1957 sí 1968. Ohun mẹ́ta ni mo fi wọ̀n wọ́n: ta ni wọ́n nà? Ibo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀? Kí ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa? Ó yá.

4/ ÌKẸRIN: Rafiu King. Ní 1963 ó gbéra, ó lọ bá Sugar Ramos jà ní Mẹ́síkò nítorí bẹ́líìtì àgbáyé ti featherweight. Kò rí i gbà. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ̀ pé ẹnìkan tó ń jẹ́ Rafiu ti sún mọ́ bẹ́líìtì àgbáyé tó bẹ́ẹ̀?

5/ ÌKẸTA: Nojim Maiyegun. Ọmọ Èkó. Tokyo, 1964: ó gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba àmì-ẹ̀yẹ kankan ní Òlíḿpíìkì. Kì í ṣe nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ nìkan o, nínú GBOGBO eré ìdárayá! Kí Chioma Ajunwa àti Dream Team tó gba góòlù ní 1996, òun ló ti ṣílẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ fọ́ nígbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Vienna, ní Austria, ló kú sí ní 2024. Ọdún mélòó la fi wà pẹ̀lú ẹ̀ láyé kan náà, tí a ò mọ̀ ọ́n?

6/ ÌKEJÌ: Hogan "Kid" Bassey, ọmọ Calabar. Oṣù Kẹfà 1957, ní Paris, ó na Cherif Hamia, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba bẹ́líìtì àgbáyé. Ó ku ọdún mẹ́ta ká gba òmìnira! Davey Moore gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní 1959. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn ẹ̀ jù ni pé ó padà wálé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

7/ ÌKÍNÍ: Dick Tiger. Richard Ihetu, ọmọ Amaigbo. Ó gba bẹ́líìtì middleweight lọ́wọ́ Gene Fullmer ní 1962. Ní oṣù Kẹjọ 1963, ó gbé Fullmer wá sí Liberty Stadium, Ìbàdàn, ìjà bẹ́líìtì àgbáyé àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ wa. Lẹ́yìn ráúńdì keje, Fullmer ò lè dìde mọ́. Ní 1966, ẹni ọdún 37, ó tún gba ti light heavyweight lọ́wọ́ José Torres.

8/ Ogun Biafra dé. Ó dúró ti àwọn èèyàn ẹ̀, ó dá oyè MBE padà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìjà tán, ó ṣiṣẹ́ sìkiọ́ríítì ní mùsíọ́ọ̀mù kan ní New York. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ pa á ní Aba, oṣù Kejìlá 1971. Ẹni ọdún 42.

9/ Mo mọ̀ pé ẹ máa ní, "AJ ńkọ́?" Ọmọ wa ni. Ṣàgámù ni ìdílé ẹ̀ ti wá, ó sì na Klitschko níwájú nǹkan bí 90,000 èèyàn ní 2017. Ṣùgbọ́n ìlú Òyìnbó ló kọ́ ọ, àwọn ló sì gba góòlù fún ní 2012. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Àtẹ tiẹ̀ yàtọ̀ ni. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

10/ Ohun tó ń dùn mí gan-an rèé: Bassey àti Tiger, Liverpool ni àwọn méjèèjì kọ́kọ́ sá lọ kí ọwọ́ wọn tó tẹ bẹ́líìtì. Maiyegun, Vienna. Ọmọ Múṣìn tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ lónìí, ọkàn ẹ̀ ti wà ní pápákọ̀ òfuurufú. Bí bẹ́líìtì bá wà lọ́rùn wọn, "ọmọ wa ni!" Bí bẹ́líìtì bá lọ, orúkọ náà lọ.

11/ Nítorí náà, kí ẹ tó bú mi, ẹ bi àgbàlagbà kan nílé yín: "Ta ni abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tí ẹ fẹ́ràn jù nígbà èwe yín?" Ẹ kọ orúkọ náà sísàlẹ̀ fún mi.

12/ Mo padà lọ fi àtẹ yìí han Bàbá ní Rowe Park. Wọ́n kà á tán, wọ́n mi orí. "O gbìyànjú. Àmọ́ Bassey ló yẹ kó ṣe ìkíní." Mo ní, "Bàbá, ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó lọ jìnnà jù o!" A ṣì ń jà á lọ 😂