Ọdún Mẹ́fà Di Ọdún Kan: Ta Ni Ó Jẹ̀bi?

  

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ ilé kéwú, ẹ̀yin jámáà mọ́sálásí wa, kì í ṣe bóyá ó tọ́ láti rin ìrìn-àjò tàbí kò tọ́ ni a fẹ́ bá yín sọ. Àwọn aṣáájú wa lọ sí Íjíbítì àti Mẹ̀dínà láti wá ìmọ̀. Ẹni tí ó bá lọ sí Kánádà láti wá hàláàlì kò dá ẹ̀ṣẹ̀. Irú ìwé tí ó ń kó dání lọ ni ọ̀rọ̀ tiwa dá lé.

Ọmọ wa kan wá bá wa. Ọ̀dọ̀ wa ni ó ti jáde Sánáwì, ó lọ gba oyè bíéè ní yunifásítì, ó sì padà wá fi ọdún mẹ́fà kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ ní kéwú ìrọ̀lẹ́. Ó ní, “Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ lẹ́tà pé mo ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà lọ́dọ̀ yín, ọgbọ̀n wákàtí lọ́sẹ̀.” A ní wákàtí mẹ́wàá ni àwa mọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Alfa. Máàkì kan péré ni ó kù fún mi.”

A ní kí ó jókòó kí a jọ ṣírò rẹ̀. Láti ọdún 1967 ni Kánádà ti ń fi máàkì yan àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti onímọ̀ tí ó fẹ́ wá gbé ibẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2015 ni wọ́n sì ti ń gba ìwé wọn lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Express Entry. Fún ọ̀nà tí ọmọ wa ń tọ̀, ẹni tí kò bá gba 67 nínú 100 kò lè wọlé. Èdè ní 28, ìwé kíkà ní 25, iṣẹ́ tí ènìyàn ti ṣe ní 15, ọjọ́ orí ní 12. Ẹni tí agbanisíṣẹ́ ibẹ̀ ti fún níṣẹ́ lè rí 10, ẹni tí ó ní ẹbí níbẹ̀ tàbí tí ìyàwó rẹ̀ gbọ́ èdè wọn náà lè rí tó 10.

Ọmọ ọdún 33 ni ọmọ wa, ó gba 12 pérépéré. Bíéè rẹ̀, tí àwọn tí ìjọba Kánádà fọwọ́ sí ti yẹ̀ wò, fún un ní 21. Ìwé Sánáwì kò fi kún un, nítorí ìwé tí ó ga jù ni wọ́n ń kà. Méjì kì í papọ̀ àfi bí méjèèjì bá ju ti ilé-ìwé girama lọ. Ó ṣe dáadáa nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó gba 24. Ìyẹn jẹ́ 57.

Ó wá ku iṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n san owó fún nìkan ni wọ́n ń kà. Ọgbọ̀n wákàtí lọ́sẹ̀ fún ọdún kan, èyí tí ó jẹ́ 1,560 wákàtí, ni wọ́n ń pè ní ọdún kan. Ọdún kan ní máàkì 9, méjì tàbí mẹ́ta ní 11, mẹ́rin tàbí márùn-ún ní 13, mẹ́fà sókè ní 15. Ọdún méjì àkọ́kọ́ tí ọmọ wa fi kọ́ni, a kò san kọ́bọ̀ fún un àyàfi sààráà ọjọ́ Máólúùdì. Ìyẹn ti lọ. Ọdún mẹ́rin tí a sanwó, ìrọ̀lẹ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni, wákàtí méjì méjì. Bí a bá yọ ìsinmi kúrò, ọ̀sẹ̀ 45 lọ́dún, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,800 wákàtí. Ó ju ọdún kan lọ, kò sì tó méjì. Máàkì 9. Ọdún mẹ́fà di ọdún kan, 57 di 66.

A kò kọ lẹ́tà tí ó bẹ̀ wá fún. Bí a bá kọ ọ́, máàkì rẹ̀ á di 72, ṣùgbọ́n ẹ̀rí èké ni, àwa tí a ń kọ́ ọmọ pé ẹ̀rí èké wà nínú àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ńláńlá ni a ó sì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Òfin Kánádà pàápàá sọ pé ẹni tí ó bá parọ́ nínú ìwé rẹ̀ kò ní lè wọ ìlú náà fún ọdún márùn-ún. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kò yọ wá sílẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ kọ òótọ́ gan-an, ìwé tí a ó fi gbè é lẹ́sẹ̀ ni ìṣòro. Lẹ́tà ìgbàṣiṣẹ́ kò sí. Inú àpòòwé ni owó oṣù rẹ̀ máa ń wà, kò sí ibi tí ó fọwọ́ sí. Rẹ́jísítà kíláàsì àti ìwé àkọsílẹ̀ Mùdíìrù ni ó yọ wá. Àwa tí a ń ka Súrátul-Bákọ́rà, tí a mọ̀ pé àyà 282 rẹ̀ pàṣẹ kí a kọ gbèsè sílẹ̀ kí a sì fi ẹlẹ́rìí sí i, àwa náà ni a kò kọ ohun tí a jẹ òṣìṣẹ́ wa sílẹ̀.

Ọ̀nà hàláàlì wà fún un. Bí ó bá kọ́ èdè Faransé dé ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́, tí ó sì yege nínú ìdánwò rẹ̀, máàkì 4 ni. 66 á di 70. Àwọn ará wa ní Kétu àti Pọ̀tọ̀nóvò ń fi èdè náà kàwé lójoojúmọ́, kò jìnnà sí wa. Ẹni tí ó ti kọ́ Lárúbáwá di Sánáwì kò yẹ kí ó bẹ̀rù èdè míràn. Ó ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó yára, nítorí bí ó bá pé ọdún 36, máàkì ọjọ́ orí yóò máa fi ẹyọ kan dín lọ́dọọdún. Kí ó sì mọ̀ pé 67 kàn ń jẹ́ kí ènìyàn wọ inú àwọn tí a ó ti yan ni. Wọ́n ṣì máa fi wọ́n wé ara wọn.

Ìmọ̀ràn wa rèé. Ẹ̀yin Mùdíìrù ẹgbẹ́ wa, ẹ fún olùkọ́ ní lẹ́tà ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, wákàtí rẹ̀ àti owó rẹ̀, kí ó máa fọwọ́ sí i lóṣooṣù, bí owó náà tilẹ̀ kéré. Ẹ̀yin òbí, owó kéwú tí ẹ kò san ni ó sọ olùkọ́ di aṣiṣẹ́-ọ̀fẹ́, tí ọdún méjì rẹ̀ fi ṣòfò. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ tọ́jú ìwé yín láti òní lọ, bí ẹ kò tilẹ̀ ní lọ síbì kankan.

Iṣẹ́ tí a ṣe nítorí Ọlọ́hun kò sọnù lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Èyí tí a jẹ ẹ̀dá, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Kí Ọlọ́hun ṣí ọ̀nà hàláàlì fún àwọn ọmọ wa, nílé àti lóko. Àmín.