Ìlà Kan Kì í Ṣe Ìgbésí Ayé Ènìyàn

Ní Ajùwọ̀n, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀, níbi tí mo ń gbé, ni wọ́n ti ní kí n wá bá àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan sọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn ńlá ilẹ̀ wa. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, mo bi wọ́n léèrè pé, 'Ta ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti?' Bí ẹni pé ẹnu kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní, wọ́n dáhùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé òun ni obìnrin tí ó kọ́kọ́ wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Nàìjíríà. Olùkọ́ wọn rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí wọn kò dójú tì í. Mo tún bi wọ́n pé, 'Kí ni obìnrin náà ṣe lẹ́yìn tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀?' Kíláàsì pa lọ́lọ́. Olùkọ́ náà sún mọ́ mi, ó ní, 'Ẹ má bínú, bàbá, ohun tí ó wà nínú ìwé wa náà nìyẹn.'

Ìdákẹ́jẹ́ àwọn ọmọ yẹn ni mo gbé wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé. N kò bá olùkọ́ jà, n kò sì bá ọmọ wí. Ohun tí a fún wọn ni wọ́n fún mi. Ẹjọ́ tí mo ń rò ni pé ohun tí a ń pè ní kíkọ́ ọmọ ní ìtàn àwọn ènìyàn ńlá ti di ìlà kan fún ènìyàn kan. Mungo Park rí odò Ọya; Mary Slessor gba àwọn ìbejì lọ́wọ́ ikú; Àjàyí Crowther ni bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Ọmọ kọ́ ọ sórí, ó gba máàkì, ó gbàgbé. Èyí kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé, ìdáhùn ìdánwò lásán ni. Àwa tí a ń pe ara wa ní onímọ̀ Yorùbá, tí a ń kọ ìwé, tí a ń ṣe ìpàdé lọ́dọọdún, a kò sì bọ́ nínú ẹ̀bi náà.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ìlà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yẹn bò mọ́lẹ̀. Ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1900 ni wọ́n bí Fúnmiláyọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1914 ó wà lára àwọn ọmọbìnrin tí ó kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama Abẹ́òkúta. Ó lọ kàwé sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó dé ní ọdún 1922, ó pa orúkọ Frances tì, ó ní Fúnmiláyọ̀ ni kí wọ́n máa pe òun. Ẹgbẹ́ tí ó kọ́kọ́ dá sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin tí ó mọ̀wé ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà, ó gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn: wọ́n ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn láìsan iye tí ó tọ́, ọmọdébìnrin ń san owó-orí ṣáájú ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, obìnrin tí ń san owó-orí kò sì ní ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin wá di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin ní ọdún 1946. Ní ìparí ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn pé jọ síwájú ààfin, wọ́n sùn síbẹ̀ mọ́jú, wọ́n ń fi orin sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì kúrò ní Abẹ́òkúta, ó fi oyè sílẹ̀. Ó sì yẹ kí ọmọ gbọ́ èyí náà pé ní òpin ọdún 1950 Kábíyèsí padà wá sórí oyè. Ìjà tí a jà kì í parí bí àlọ́ ti í parí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977 àwọn ológun ya wọ ilé Fẹlá ọmọ rẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì ju ìyá arúgbó náà láti ojú fèrèsé òkè. Ìpalára náà kò tán lára rẹ̀ títí ó fi kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978.

Ọmọ tí ó bá gbọ́ èyí kò ní í ṣàì bèèrè ìbéèrè. Èé ṣe tí wọ́n fi ń gba ìrẹsì aláte? Kí ló dé tí ọ̀mọ̀wé fi lọ jókòó pẹ̀lú ẹni tí kò mọ̀wé? Ìlà ọkọ̀ kò lè mú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wá. Ọlọ́kọ̀ ti lọ, ọmọ dúró sójú títì, ó ń wo eruku.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Crowther. Bíṣọ́ọ̀bù tí a fi ń dán ọmọ wò yìí, ọmọdé bíi tiwọn ni nígbà tí ogun kó o ní Òṣogùn ní ọdún 1821. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan ní ọdún 1837, bí wọ́n ti ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, àti bí ìbẹ̀rù òyìnbó ti mú un gbìyànjú láti fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún 1822, wọ́n gbé e lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ní ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta tiwa yìí, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ìwé kíkà sọ ọ́ di ẹni tí ó ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ìwé ní 1843, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ibẹ̀ ni ìwé àwọn ọmọ wa máa ń dúró. Wọn kì í sọ pé ní ọdún 1890, nígbà tí ó ti darúgbó, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì gba àṣẹ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀ ní ipò bíṣọ́ọ̀bù. Ọmọ tí kò bá gbọ́ apá ìkẹyìn yìí yóò rò pé ẹni tí ó bá ti dé òkè, wàhálà rẹ̀ tán. Irọ́ ni a pa fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìlà rẹ̀ ló jẹ́ òtítọ́.

Ìlà kan tún wà tí ó burú ju èyí lọ, nítorí èébú ni. Bi ọmọ Yorùbá èyíkéyìí nípa Ẹfúnṣetán Aníwúrà, yóò sọ fún ọ pé ìkà obìnrin Ìbàdàn ni. Inú eré-onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní ọdún 1970 ni èyí ti wá. Mo bu ọlá fún ọwọ́ tí ó kọ eré náà. Iṣẹ́ eré ni eré ṣe, ó sì ṣe é dé ojú àmì. Àwa ni a sọ eré di ìwé ẹ̀rí, tí a kò fi ìtàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Baba Ẹfúnṣetán, ọmọ Ẹ̀gbá láti Ìkijà ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo kú lórí ìkúnlẹ̀ ní ọdún 1860. Ní ọdún 1874, Ààrẹ Látòósà yọ ọ́ ní oyè Ìyálóde. Ẹ̀sùn tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀ ni pé kò bá Ààrẹ lọ sójú ogun, kò fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i, kò sì jáde lọ pàdé rẹ̀ ní odi ìlú nígbà tí ó ń bọ̀. Ó san owó ìtanràn, wọn kò tìtorí èyí fi í sílẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi pa á nínú yàrá rẹ̀ lóru. N kò sọ pé ẹni mímọ́ ni. Ó kó ẹrú jọ rẹpẹtẹ, ojú àwọn ẹrú náà sì rí màbo. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ ti ṣe àlàyé ìgbésí ayé rẹ̀ nínú ìwé tí ó ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1992, tí a fi rí i pé oníṣòwò ńlá ni, àti pé ọ̀rọ̀ òṣèlú wà nínú ikú rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé yẹn. Ọmọ tí ó ń ka Yorùbá, eré nìkan ni ó ní. Ta ni kí á bá wí?

Àwọn kan yóò ní oríkì ti tó wa. N kò fi ojú kékeré wo oríkì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti mọ ìtàn ni oríkì ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń mẹ́nu ba ogun láìsọ ohun tí ó dá a sílẹ̀. Nígbà tí bàbá àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ láti tú u fún un, ó tó. Ní Ajùwọ̀n lónìí, bàbá àgbà wà ní abúlé, bàbá ti jí lọ sí ẹnu iṣẹ́ ní Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́. Ta ni yóò tú oríkì?

Àwọn mìíràn ní kò yẹ kí ọmọdé gbọ́ àléébù àgbà, kí ọ̀wọ̀ má ba à tán. Èmi kò gbà. Ọmọ mọ àléébù tirẹ̀ dáadáa. Akọni tí kò ní àléébù kò lè ràn án lọ́wọ́. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìtàn ìgbésí ayé ni a fi ń yá ọmọdé ní ẹ̀yìn tí àgbà ń wò, kí ó lè mọ ibi tí ẹlòmíràn ti kọsẹ̀ kí tirẹ̀ tó dé.

Àwọn kan ẹ̀wẹ̀ ní ìwé wà lọ́jà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ni a tún ń wá? Mo dá wọn lóhùn pé Yorùbá ni ìyá àwọn ọlọ́jà fi ń bá àwọn obìnrin Abẹ́òkúta sọ̀rọ̀, ìró àti bùbá ni ó sì wọ̀ láàrin wọn. Ẹni tí ó fi èdè yìí jà, ó burú pé a kò rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi kọ́ ọmọ ní èdè náà.

Kí a má sì dúró de ìjọba. Láti ọdún-ẹ̀kọ́ 2009 sí 2010 ni wọ́n ti yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò ní ìpele ìsàlẹ̀. Ní ọdún 2018 ni wọ́n pàṣẹ pé kí ó padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 wọ́n ní èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 wọ́n wọ́gi lé e. Ohun tí a gbé lé òfin, òfin a máa gbé e lọ. Ìwé tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ ni kì í bá òfin lọ.

J. F. Ọdúnjọ, ọmọ Abẹ́òkúta, jókòó, ó kọ Aláwìíyé fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, àìmọye wa ni a sì ti ibẹ̀ mọ ìwé kà. Ohun tí mo ń bẹ̀ àwa ọmọ ẹgbẹ́ fún kò tó èyí. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan nínú wa mú ènìyàn kan ṣoṣo, kí ó kọ ìwé pẹlẹbẹ kan ní Yorùbá tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè kà. Kí ọdún wà nínú rẹ̀, kí ìlú wà nínú rẹ̀, kí ẹ̀rù àti àṣìṣe ẹni náà wà nínú rẹ̀, kí òpin rẹ̀ sì wà níbẹ̀ bí ó ti rí gan-an.

Ní ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, mo sọ ìtàn àwọn obìnrin iwájú ààfin fún àwọn ọmọ náà ní Yorùbá, ó gbà mí tó wákàtí kan, ẹnikẹ́ni kò sùn. Nígbà tí mo parí, ọmọbìnrin kan ní ìjókòó ẹ̀yìn nawọ́ sókè, ó ní, 'Bàbá, nígbà tí wọ́n sun iwájú ààfin, ta ni ó ń tọ́jú àwọn ọmọ wọn nílé?' Mo fẹ́ nawọ́ ìwé sí i pé kí ó lọ wá ìdáhùn níbẹ̀. Ọwọ́ mi ṣófo.